Ìdènà Délé

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má wulẹ̀ gbé àga onítìmùtìmù yẹn wá fún mi, orí pákó yìí tó mi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wúwo sí lẹ́nu, kò yẹ kí ìdí rẹ̀ máa jayé. Ẹ ní kí n wá sọ bí a ṣe ń gbé irin, bí a ṣe ń tò ó, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé kíréènì wọ Kàbà. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Orúkọ ẹnì kan wà lọ́rùn mi. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti bà á jẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ ti tún un ṣe, bí ó bá ṣeé tún ṣe. Ojú ń tì mí bí mo ṣe jókòó yìí. Ẹ má rò pé ooru ló ń mú mi làágùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé àga mi tó kán wá kí ẹ bá mi jó o. Fúnkẹ́ yìí, ẹni tí ń jó irin bí ẹni ń rán aṣọ, ló rí i pé ẹnì kan to ọ̀pá irin sílẹ̀ láì fi igi dí i nídìí kó má baà yí. Ó fi igbe ta: "Ta ló ṣe ìdènà Délé síbí?" Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ẹ má baà mọ̀ pé nǹkan ṣe mí. Mo wá bi í pé, "Fúnkẹ́, ta ni Délé?"

Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n o. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ẹni tí kò bá dí irin nídìí, ìdènà Délé ló ṣe."

Mo padà sílé, Rẹ̀mí ìyàwó mi ti gún iyán, mo ní mi ò jẹ. Ó ní ṣé ara mi kò yá ni. Ara mi yá. Délé tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wà láàyè, ó ń gbin iṣu ní Ayewa, ọ̀rẹ́ mi ni. Kò gbàgbé ìdènà rí láyé rẹ̀. Bí ó ṣe wá jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni ẹ fi ń pe ìwà àìbìkítà, èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbójú sókè. Irin ni ẹ fi gbé òrùlé yìí dúró. Nígbà tí èmi àti Délé wọ ibí, òpó igi ni, páànù rẹ̀ sì jò tó bẹ́ẹ̀ tí a fi mọ ibi tí òjò yóò ti kọ́kọ́ kán sílẹ̀. Ọ̀gá Sálíù ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Kàbà ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Ṣùgbọ́n bó bá di Kérésìmesì, òun ló ń kọ́kọ́ dé ilé wa wá jẹ iyán. Bí Iléyá bá dé, èmi àti Délé là ń bá a di ìwo àgbò mú. Ṣáàfù, ọ̀pá irin róbótó tí ń yí nínú ẹ̀rọ, là ń ṣe níbí: ti ẹ̀rọ ìlọta, ti ẹ̀rọ gààrí, ti ẹ̀rọ tí ń fún epo, ti ilé ìlàgi. Àwọn ènìyàn ń wá láti Òkè-Bùkún, wọ́n ń wá láti Odò-Ẹrẹ̀, wọ́n á di ṣáàfù tó ti jẹ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bí ẹni gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn.

Lóde òní, ẹ̀rọ ni ẹ fi ń wọn gbogbo nǹkan. Etí ni tiwa. Ọ̀gá á fi òòlù kékeré kan irin. Èyí tó bá pé á dún, á sì máa dún lọ títí. Èyí tó bá ti là nínú á dún pọ́, bí ìkòkò tó sán. Títí di òní, bí ẹ bá já irin sílẹ̀ ní ìta yìí, mo lè jókòó sílé kí n mọ bó ṣe ki tó. Rẹ̀mí ní ìyẹn nìkan ni etí mi wúlò fún, nítorí n kì í gbọ́ bí òun bá pè mí.

Ẹ̀yin tẹ bọ́tìnnì, irin gòkè. Àwa, ọ̀pá irin tó bá ki tó apá ọkùnrin, tó gùn tó ènìyàn mẹ́ta, ẹni mẹ́fà ní í gbé e. A ó ta okùn sí i lábẹ́ níbi mẹ́ta, a ó ki ọ̀pá igi bọ okùn, ẹni méjì méjì á gbé ọ̀pá igi kọ́ èjìká. Irin kò gbọdọ̀ ga ju orúnkún lọ. Bó bá máa bọ́, kó bọ́ sílẹ̀ nítòsí. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ló ń pe ohùn, nítorí òun ló ń rí gbogbo wa. Inú ọ̀wẹ̀ la ti kó o wá, bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí a bá ń gbé ìtì igi jáde lóko. Á ní, "Ẹ ti gbá a mú?" A ó ní, "A ti gbá a mú!" Á ní, "Ẹ dìde!" A ó ní, "A ti dìde!" Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa kò bá dáhùn, irin kò ní kúrò nílẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ níta mọ ohùn náà débi pé bí a bá ti ń pè é, àwọn náà á máa bá wa dáhùn, wọ́n á tún máa bú wa pé ẹ̀kọ ni ẹ kò jẹ yó. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn nígbà mìíràn. Kíréènì yín ń dún wíìn ni, kò sí ẹni tó ń bá a dáhùn.

Ibi tí à ń to irin sí, Ọ̀gá Sálíù kì í pè é lórúkọ mìíràn ju àká lọ. Ó ní bí àgbẹ̀ ṣe ń to iṣu ni kí a máa tò ó, kí a fọkàn sí i pé a ó tún padà wá mú un. Ìtì igi ńlá méjì la fi sílẹ̀ ní ìbú, kí irin má baà fara kan ilẹ̀ tútù kó dógùn-ún. Èyí tó ki jù á wà nísàlẹ̀, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ á wà lókè. A ó tẹ́ pákó sáàárín ìpele kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ni ìdènà: igi líle tí a gbẹ́, tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ìdí rẹ̀ nípọn, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Irin róbótó kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń wù ú bíi kó rìn.

A kì í gbé irin nàró ti ògiri. Èmi ni mo dán an wò lọ́jọ́ kan, nígbà tí ó rẹ̀ mí. Ó yọ̀, ó lọ ṣubú gbàgà sórí ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n gbé wá fún Ọ̀gá. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá ti ń kọjá, Ọ̀gá á ní, "Ẹ bo ọbẹ̀ o!" Délé kì í ṣe irú rẹ̀. Délé á kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi pákó kó tó jókòó lé e. A máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bó bá gbéyàwó, á fi ìdènà sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Òun gan-an nìyẹn.

Òfin kan wà tó le ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tó bá fọwọ́ lé irin kì í kí ènìyàn. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa. Ìkíni wa, okun, la fi ń jí, òun la fi ń sùn. Bí o bá kọjá lára àgbà tí o kò kí i, kí o tó délé, ẹjọ́ rẹ á ti dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ. Ọ̀gá Sálíù ní ìyẹn dára lójú títì. Nínú ṣọ́ọ̀bù òun, ìbáà ṣe ọba ló wọlé, bí o bá ti di irin mú, irin ni kí o máa wò. Ó ní, "Irin ò mọ olóyè. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ kí òun, kó lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà títí irin á fi jókòó." Pákó àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, níbi tí ẹ gbé fíríìjì sí. Àwọn ènìyàn bínú títí, wọ́n ní a kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá kò yí i padà.

Nígbà náà mo ń fẹ́ Rẹ̀mí. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ mi rárá. Akọ̀wé ló fẹ́ fún ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí èékánná rẹ̀ dúdú. Ó tún ní òun ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ ibẹ̀ kò kí òun dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn jẹ mí lọ́kàn ju ti èékánná lọ. Mo ń wá ọjọ́ tí màá fi hàn án pé wọ́n kọ́ mi nílé.

Lọ́rì kan já irin fún wa lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ki tó itan mi nígbà tí mo ṣì lẹ́ran lára. Ti ilé ìlàgi kan ni. Gbogbo wa jọ yí i dé orí ìtì igi méjèèjì inú àká, ó ku kí a dí i nídìí. Ọ̀gá àti àwọn yòókù bọ́ síta lọ já èyí tó kù. Ó wá ku èmi àti Délé. Èmi di díígà mú, ọ̀pá irin gígùn tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀, mo fi ẹnu rẹ̀ ki irin lábẹ́ kó má baà yí. Délé wà ní iwájú irin, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ki ìdènà bọ abẹ́ rẹ̀. Òfin ni pé ẹni tó di díígà mú kò gbọdọ̀ mira títí ẹni tí ń dí irin yóò fi jáde kúrò níwájú rẹ̀, tí yóò sì wí lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ó ti wọlé." Délé ti fi ọ̀kan sí apá òsì. Ó ń mú òmíràn. Kò tíì wí nǹkan kan.

Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. "Okun o, ẹ̀yin onírin."

Bàbá Rẹ̀mí ni. Kò jókòó sórí pákó àlejò, ó wọlé tààrà, agbádá funfun ló wọ̀. Mo dákẹ́. Ó tún ní, "Okun o." Mo ṣì dákẹ́. Òógùn ń ro sí mi lójú. Ó wá fi imú rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti wí i. Ẹni tí kò lè kí mi lónìí, ṣé òun ló fẹ́ di àna mi lọ́la?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fi díígà sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀, fìlà mi bọ́. Mo ní, "Okun, Bàbá. Ẹ má bínú sí mi." N kò tíì parí rẹ̀ tí mo gbọ́ irin. Kò pariwo. Ó ń kùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń lọ ata. Lẹ́yìn náà ni Délé ké.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni irin bọ́ lé. Ọ̀gá àti àwọn yòókù sáré wọlé, wọ́n gbé irin, wọ́n gbé Délé lọ sílé ìwòsàn, kò mọ ibi tó wà mọ́. Ọ̀gá Sálíù wá yíjú sí mi. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo wo Bàbá Rẹ̀mí. Òun náà wò mí. Mo ní, "Ọ̀gá, Délé ló ní ó ti wọlé. Lẹ́ẹ̀mẹta ló wí i. Ni mo bá yọ díígà."

Ọ̀gá bi Bàbá Rẹ̀mí pé, "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bàbá Rẹ̀mí tún agbádá rẹ̀ ṣe léjìká. Ó ní, "Bí ọmọ yìí ṣe wí i náà ni. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Bí mo ṣe fẹ́ ìyàwó mi nìyẹn. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, wọ́n ti gba ìdáná lọ́wọ́ wa. Ìtìjú náà wà nínú iyán tí mo jẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo sì jẹ ẹ́ tán. Rẹ̀mí kò mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Fúnkẹ́ pariwo níbí ni mo tó sọ fún un. Kò bú mi. Ó dìde, ó gbé iyán náà kúrò níwájú mi, ó lọ dá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí Délé padà wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jiná, ṣùgbọ́n ó ti wọ́. Ọ̀gá ní òun yóò máa ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè gbà á sídìí irin mọ́. Ó ní, "Ẹni tó bá sọ pé ìdènà wọlé nígbà tí kò wọlé, ọjọ́ kan ni yóò pa ènìyàn." Délé la ẹnu. Ó wò mí. Èmi ń wo bàtà mi. Ó pa ẹnu dé, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wí i pé ìdènà Délé, ìdènà Délé. Ẹ dákún, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù: èmi náà wí i. Nígbà tí mo di ọ̀gá, òun ni mo fi ń kọ́ àwọn tó kọ́ yín níṣẹ́. Mo fi orúkọ ẹni tí mo ṣẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé ní ogójì. Kò sí ẹni tó ń lé e bọ̀, nítorí èmi ló yẹ kí n lé e.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ayewa. Mo bá Délé lábẹ́ igi nínú oko rẹ̀, ó ń pọ́n àdá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, àwa méjèèjì tí a jẹ́ ẹgbẹ́.

Ó ní, "Dìde jàre. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ kan ti gba ẹsẹ̀ mi. Kí ni èyí tún fẹ́ gbà?"

Mo ní, "Ṣé o rí i ni?"

Ó ní, "Mo bẹ̀rẹ̀ ni, mi ò fọ́jú. Mo rí fìlà rẹ nílẹ̀ kí irin tó dé ọ̀dọ̀ mi."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ta ni ìbá gbà mí gbọ́? Ẹ̀yin méjì, èmi nìkan. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni ọ́, ìwọ lo máa sọ ọ́. Mo ń retí rẹ. Odidi ọdún kan ni mo fi retí rẹ. Lẹ́yìn náà mo gbájú mọ́ iṣu mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí n dákẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ kò dun òun mọ́, Ṣọlá ọmọ òun ló ń dun òun. Ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pe Ṣọlá ní ọmọ Délé onídènà. Ó jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kàdúná ló lọ kọ́ iṣẹ́ irin sí, òun ló ń wa kíréènì fún ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ báyìí, kì í sì í wálé Kérésìmesì. Délé ní, "Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ parọ́ fún wọn pé ìdènà ti wọlé? Mo ní rárá. Kò gbà mí gbọ́." Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fóònù rẹ̀ fún mi. "Èmi ti mọ̀ tipẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ni kí o sọ fún. Bẹ̀rẹ̀ láti orí Ṣọlá. Lẹ́yìn rẹ̀, kí o lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Ìdí tí mo fi wà níwájú yín nìyẹn. Kì í ṣe pé mo gbọ́n.

Lábẹ́ igi yẹn náà ni mo ti pe Ṣọlá, ó sì gbé fóònù. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ ti díígà, mo sọ ti agbádá, mo sọ ìdọ̀bálẹ̀, mo sọ irọ́. Ó wá ní, "Ẹ dúró ná, Bàbá." Mo gbọ́ tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa àga nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún un sọ. Kí àwọn wọ̀nyí gbọ́."

Mo tún un sọ. Ti ẹ̀kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Délé jókòó tì mí, ó ń wo ebè rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú. Nígbà tí mo parí, mo gbọ́ ohùn ọmọdébìnrin kan nínú fóònù. "Dádì, ta ni bàbá yẹn?"

Ṣọlá kò pariwo. Ó ní, "Ẹni tó jẹ́ kí irin fọ́ ẹsẹ̀ Bàbá àgbà ni, tó wá ní Bàbá àgbà ló jẹ̀bi."

Ọmọ náà wá bi èmi fúnra mi pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni?"

Mo ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Èmi ni."